Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ère Ìjàpá Tí Ará Àdúgbò Lè Jókòó Lé ní Abẹ́òkúta

Kì í ṣe ohun tuntun ní Abẹ́òkúta kí ènìyàn jókòó lórí òkúta. Níbikíbi tí àpáta bá ti yọrí sí ẹ̀bá ọ̀nà tí igi sì ṣíji bò ó, ẹ óò bá ẹnìkan níbẹ̀ tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó ń sinmi, ẹ óò sì bá àwọn ọmọdé tó ń gùn ún tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ère tí mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ yìí mú ìlò méjèèjì pọ̀ sójú kan: àgbàlagbà yóò rí ibi jókòó, ọmọdé yóò rí ibi ṣeré, ẹnikẹ́ni kò sì ní í lé ẹnìkejì rẹ̀ dìde. Ìjàpá ni mo yàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, kò ga, etí igbá rẹ̀ tó yí i ká jẹ́ ìjókòó fúnra rẹ̀, ibi tó sì yọ sókè láàárín yóò di ohun tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò bá a pàdé nínú àlọ́, nítorí náà ère náà kò nílò àkọlé kankan.

Ìlànà kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ náà: ara ẹni tí yóò jókòó ni yóò pinnu bí ère yóò ṣe rí. Bí ọnà kan bá wu ojú, ṣùgbọ́n tí ó ń gún ni ní ìdí, tàbí tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sí i, ẹ kò tíì kọ́ ọ tán.

Ibi tí ìjàpá yóò wà

Kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì kankan, ẹ lọ wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wá ra àdìrẹ ní Ìtòkú máa ń dúró de ara wọn lẹ́bàá ọjà. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní agbègbè Kútọ̀ máa ń wá ohun tí wọ́n lè fi ìdí lé. Àwọn òbí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jáde. Ibi tí ènìyàn ti ń jókòó lórí òkúta, lórí páálí tàbí lórí etí gọ́tà ni ibi tí ìjókòó ti ṣe é ṣe. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, bí ẹ tilẹ̀ kọ́ ère tó rẹwà jù lọ síbẹ̀, ewúrẹ́ ni yóò máa lò ó.

Ẹ wo ibẹ̀ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ibòòji aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọ́ ni ibòòji aago méjì ọ̀sán. Sìmẹ́ǹtì tí oòrùn bá pa láti aago méjìlá sí aago mẹ́rin kò ṣe é jókòó lé, pàápàá ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún. Abẹ́ igi òdán tàbí mángòrò dára, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí ìdí igi náà ní mítà mẹ́ta, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà gbé ìpìlẹ̀ yín sókè lọ́jọ́ iwájú. Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń sáré gba ibi kan pàtó kọjá, ẹ má sì kọ́ ìjókòó sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Kí ẹ fi àyè mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ru ẹrù àti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda kò gùn, àmọ́ kò ṣe é fò. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ni àdúgbò náà, yálà ti Àríwá Abẹ́òkúta, ti Gúúsù tàbí ti Ọ̀dẹ̀dá, kí ẹ sì bá baálẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá ọjà. Ẹ béèrè bóyá ojúbọ tàbí ilẹ̀ ẹbí kan wà níbẹ̀. Ní ti Olúmọ, ẹ má ṣe kan nǹkankan mọ́ àpáta náà. Ibi ààbò àwọn baba ńlá Ẹ̀gbá ni, kò sì nílò ère tiwa.

Ìwọ̀n ara

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ mú téèpù, kí ẹ sì bẹ àwọn tó máa ń wà níbẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wọn àwọn. Ẹni náà yóò jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò balẹ̀, ẹ óò sì wọn láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ óò rí i pé ìjókòó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45 ló bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu, àti pé ọmọ ọdún mẹ́fà nílò nǹkan bíi 28 sí 30. Arúgbó tí orúnkún ń dùn fẹ́ kí ó ga díẹ̀ sí i, bíi 46 sí 48, nítorí ìdìde ló nira fún un ju ìjókòó lọ. Ìdí nìyí tí etí igbá ìjàpá wa kò fi gbọdọ̀ ga bákan náà yípo: kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42 níhà orí, kí ó máa rọra gòkè títí tí yóò fi di 47 níhà ìrù. Ojú kò ní í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n orúnkún yóò mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ara ìjàpá, láìka orí, ẹsẹ̀ àti ìrù mọ́ ọn, yóò gùn ní mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà 40, yóò sì fẹ̀ ní mítà méjì. Igbá tó yọ sókè láàárín yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, yóò fẹ̀ ní 110, yóò sì fi 40 ga ju etí lọ, kí ó tó ohun tí ẹ̀yìn lè tì. Lọ́tùn-ún àti lósì, etí tí ènìyàn yóò jókòó lé yóò jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ má fi igbá náà sí àárín gbùngbùn. Ẹ sún un síwájú, kí àyè níhà ìrù lè jẹ́ 60. Ìyá tó pọn ọmọ kò lè fẹ̀yìn ti nǹkankan láìfún ọmọ mọ́lẹ̀, orí etí ìjókòó ni ó sì máa ń rọra bà sí. Bí àyè bá jìn lẹ́yìn rẹ̀, yóò lè jókòó dáadáa, ọmọ yóò sì ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò na sí. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó gbé agbọ̀n yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ògiri tó gbé etí náà dúró gbọ́dọ̀ wọnú ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí gìgísẹ̀ lè rí ibi fà sẹ́yìn sí. Ẹ gbìyànjú láti dìde lórí ìjókòó tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín fà sẹ́yìn, ẹ óò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìṣòro kan wà nínú ìjókòó róbótó: àwọn tó jókòó yí i ká kọ ẹ̀yìn síra wọn. Èyí dára fún àwọn tí kò mọ ara wọn, kò dára fún àwọn tó fẹ́ tàkúrọ̀sọ. Ní ọgbà Park Güell ní ìlú Barcelona ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, tí Antoni Gaudí kọ́ láàárín 1900 sí 1914, ìjókòó gígùn tó wà níbẹ̀ ń wọ́ bí ejò, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń kojú síra wọn, àwọn tó wà níbi tó ti yọ sì ń wo ìta. Ìjàpá kò lè wọ́ báyẹn, ṣùgbọ́n ó lè yé ẹyin. Ẹ kọ́ ẹyin mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 35 sí 42, kí orí rẹ̀ tẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà 80 jìnnà sí etí igbá. Ẹni tó bá jókòó lórí ẹyin yóò kojú sí ẹni tó wà lórí ìjàpá, orúnkún wọn kò sì ní í gbá ara wọn.

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìjókòó ọmọdé. Kí wọ́n ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ọrùn ni ibi tí ọmọ yóò gùn bí ẹṣin, kí ó ga ní 30, kí ó fẹ̀ ní 25, kí orí sì gòkè dé 55 kí ọmọ lè dì í mú. Ìrù kúkúrú yóò tó fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn láti gbára lé. Níbikíbi tí nǹkan méjì bá ti pàdé, irú bí ọrùn àti etí igbá, ẹ rí i dájú pé kò sí àlàfo tó ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ tí kò sì tó 23, nítorí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ lè gbà wọlé tí orí rẹ̀ kò sì ní í lè jáde. Òkè igbá yóò ga ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, àwọn ọmọ yóò sì gùn ún bí ẹ bá fẹ́ bí ẹ bá kọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe da kankéré sí ilẹ̀ tó yí ère náà ká. Yanrìn tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ni kí ẹ dà síbẹ̀, kí ẹ sì fi kankéré sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí arúgbó àti kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà dé ẹ̀yìn ìjàpá, níbi tí ìjókòó ti ga.

Kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ fi eérú ya ìjàpá náà sórí ilẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ojú ìlà láìfi sìmẹ́ǹtì dè é, kí ẹ sì ní kí ìyá arúgbó kan, ọmọdé kan àti ẹni tó pọn ọmọ jókòó lé e. Ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wò wọ́n. Bí ìyá àgbà bá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ dìde, ìjókòó náà kò tíì ga tó, tàbí kí ẹ fi ohun tí yóò dì mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ àti egungun

Ẹ óò nílò nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 12 oníkìlógíráàmù 50, búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́fà, irin mílímítà 10 àti 12, wáyà ìdè irin, àwọ̀n wáyà tí a fi ń ṣe ilé adìẹ, yanrìn odò àti òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ fi bíríkìlà kan tó mọ iṣẹ́ dání. Ọwọ́ rẹ̀ yóò wúlò ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ erùpẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 40 títí ẹ óò fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹ tẹ òkúta sí i, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀, kí ẹ sì da kankéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lé e, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta, ẹ kò ní í gbẹ́ jìnnà kí ẹ tó kan àpáta. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́, ẹ ha á kí ó lè fa sìmẹ́ǹtì mọ́ra, ẹ lu ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí i, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì pípò ri irin mílímítà 12 sínú rẹ̀. Kò sí ìpìlẹ̀ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mọ ògiri búlọ́ọ̀kù yípo, kí ẹ sì fi òkúta àti kankéré tí kò ki kún inú rẹ̀ ní ìpele ní ìpele. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi erùpẹ̀ pupa kún un kí owó lè dínkù. Erùpẹ̀ yóò wọlẹ̀ bí òjò ọdún kan bá ti rọ̀, etí igbá yóò sì là. Lórí ògiri náà ni ẹ óò da etí ìjókòó sí, kí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 8, kí irin mílímítà 10 wà nínú rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15.

Orí àti ọrùn ni ibi tó léwu jù, nítorí ọmọ mẹ́ta lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Irin mílímítà 12 mẹ́rin ni kí ẹ fi ṣe egungun ọrùn, kí wọ́n sì wọnú ara ìjàpá tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ dè wọ́n mọ́ irin etí kí ẹ tó da kankéré lé e. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò wá fi àwọ̀n wáyà bo gbogbo rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ óò sì máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ní ìrísí ẹ̀rẹ̀kẹ́, agbárí àti èékánná. Gbogbo ẹnu wáyà tí ẹ bá gé, inú ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí.

Ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì

Kí ẹ tó lo yanrìn, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Yanrìn yóò wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ yóò sì tẹ́ sórí rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ náà bá ju ìdá kan nínú méjìlá lọ, ẹ fọ yanrìn náà tàbí kí ẹ wá òmíràn. Kódà yanrìn tí wọ́n wà láti inú Odò Ògùn kì í fìgbà gbogbo mọ́.

Ìwọ̀n ìrẹ́ ni sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta. Omi ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù: fún odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan, ẹ má jẹ́ kí omi ju lítà 25 lọ, bí yanrìn bá sì tutù tẹ́lẹ̀, kí ó dínkù sí i. Sìmẹ́ǹtì tó ṣàn rọrùn láti fi rẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n yóò máa hó kúrò bí etu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí sìmẹ́ǹtì máa ń jó awọ ara, kí ẹ sì fi ọwọ́ tì í gba inú àwọ̀n náà kọjá títí yóò fi di irin mú lẹ́yìn. Ẹ ha ojú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó rẹ́ ìpele kejì lé e. Kí àpapọ̀ rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, kí irin kankan má sì súnmọ́ ojú òde ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò yóò dé ibẹ̀, irin yóò dípẹtà, yóò sì wú, yóò fọ́ ìrẹ́ náà láti inú wá.

Àwọn tó bá ṣiyèméjì pé bíríkìlà lè ṣe ọnà, ẹ rántí Adébísí Àkànjí ní Òṣogbo. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe kó tó di ẹni tó bá Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun láti àwọn ọdún 1960 síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn ère sìmẹ́ǹtì tó jẹ́ ara ohun tí UNESCO rí kó tó kọ igbó náà sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ti òrìṣà ni àwọn ère yẹn, a kì í jókòó lé wọn, àmọ́ ọgbọ́n ọwọ́ tó wà nínú wọn wúlò fún wa.

Ìpele kejì ni kí ẹ fi parí ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí etí náà dà síta díẹ̀, kí iwájú rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí omi òjò lè ṣàn kúrò. Kí etí iwájú ṣe róbótó. Páìpù gígùn tí a là sí méjì ni ẹ lè fi fa á kí ó lè dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbẹ́ ihò ayò 12 sí apá ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, kí ẹni méjì lè jókòó sí ìhà méjèèjì rẹ̀ kí wọ́n ta ayò láìgbé ọpọ́n wá. Ẹ fi ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi lè jò jáde, kí ẹ̀fọn má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Ṣùgbọ́n kí ihò náà kéré ju ọmọ ayò lọ.

Àdìrẹ lára igbá

Ìjókòó kò nílò ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Igbá ni kí ẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú àlọ́, ìjàpá já bọ́ láti ọ̀run, igbá rẹ̀ fọ́ yángá, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nítorí náà àfọ́kù táìlì ló bá a mu jù. Àwọn tó ń ta táìlì máa ń ní èyí tó ti sán. Ẹ kó o sínú àpò ìdọ̀họ, ẹ fi òòlù lù ú, kí ẹ sì ha etí rẹ̀ lórí òkúta. Táìlì aláwọ̀ aró àti funfun yóò mú Abẹ́òkúta wá sí ọkàn ẹni tó bá rí i. Ẹ má lo aró tí a fi ń rẹ aṣọ, oòrùn yóò mú un ṣá. Nígbà tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán tí ẹ sì ti di àárín wọn, ẹ fi gèlè àtijọ́ nu gbogbo ojú rẹ̀: ibi tí òwú bá ti há, etí mímú kan wà níbẹ̀, ẹ ha á sí i. Ẹ má fi táìlì sí ibi ìjókòó, yóò máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìjàpá, lábẹ́ etí, ẹ lè lo pátákó páànù gbígé tí àwọn aládìrẹ fi ń ta ẹ̀kọ sára aṣọ. Ẹ dúró kí ìrẹ́ le díẹ̀: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí ó bá gba ojú ìka tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, àsìkò tó. Ẹ gbé páànù náà lé e, ẹ fi ṣíbí kékeré ha ibi tí ó lu jìn díẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò lọ́gán. Ẹ bẹ aládìrẹ àdúgbò kí ó fúnra rẹ̀ yan ọnà náà; yóò mọ èyí tó yẹ.

Bíbomi rin ín, àti ìtọ́jú

Ní kété tí ìrẹ́ bá ti le, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, 14 ló sì dára jù. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa omi náà jáde kíákíá, ojú ìrẹ́ á sì máa là wẹ́wẹ́. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ yàn láti kọ́ ọ nígbà mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ọrùn náà kí ọjọ́ 28 tó pé. Ẹ fi okùn yí i ká, kí ẹ sì ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, nítorí okùn nìkan kò lè dá ọmọdé dúró.

Ní ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ibi tó bá sán bí irun kò léwu, sìmẹ́ǹtì àti omi yóò dí i. Ibi tí àwọ̀ ìpẹtà bá ti yọ ni kí ẹ kíyè sí: ẹ gbẹ́ ẹ títí dé irin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà náà kúrò, kí ẹ tó tún un rẹ́. Ẹ tú yanrìn ilẹ̀ náà, kí ẹ ṣa ìgò tó fọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi òmíràn kún un. Àwọn àfọ́kù táìlì tó ṣẹ́kù, ẹ kó wọn sínú korobá kan pẹ̀lú páànù ọnà náà, kí ẹ sì fi í sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, kí ẹni tó bá fẹ́ tún igbá ìjàpá ṣe lọ́jọ́ iwájú lè rí èyí tó bá a dọ́gba.